Ayé Àfẹ̀rọdá: Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ológun ní Monterey, àti Orúkọ tí ó Yẹ ẹ́ ní Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ìṣòro ẹni tí ń kọ́ ọmọ-ogun wà. Ó fẹ́ kí ọmọ-ogun mọ ogun kí ogun tó dé, ṣùgbọ́n ọmọ-ogun kò lè fi ojú ba ogun láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wá ohun tí yóò dúró láàárín ìròyìn àti àfojúbà: ohun tí ojú lè rí, tí etí lè gbọ́, tí ọwọ́ sì lè darí, ṣùgbọ́n tí kò lè pa ènìyàn. Iṣẹ́ yìí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní simulation. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó bo ojú àti etí akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá, tí ó sì mú kí ó dà bí ẹni pé ó wà ní ibòmíràn, ni wọ́n ń pè ní virtual reality.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nira fún olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè Yorùbá. Púpọ̀ nínú ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń túmọ̀, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti kọ́kọ́ ṣe àlàyé bí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́, kí ó tó gbé orúkọ rẹ̀ yẹ̀ wò. Àpẹẹrẹ tí ó mú lò ni iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, tí ó wà ní Monterey ní ìpínlẹ̀ California, bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980.

2.0 Láti Orí Ẹwìrì dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀rọ irú èyí tí ó kọ́kọ́ lókìkí kò ní àwòrán kankan nínú. Ní ọdún 1929, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edwin Link, tí ń gbé ní ìlú Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, lo àwọn ohun èlò ilé-iṣẹ́ baba rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe dùùrù, láti kan yàrá awakọ̀ òfuurufú kékeré kan. Ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù ni ó gbé sí abẹ́ yàrá náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ti ọ̀pá ìdarí, ẹwìrì kan yóò wú, òmíràn yóò sì rọ̀, yàrá náà yóò sì tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí bàálù ti ń ṣe lójú ọ̀run.

Fún ọdún bíi mélòó kan, ọgbà ìgbádùn ni wọ́n ti ń lò ó fún eré. Ní ọdún 1934, ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà lójú òfuurufú lé àwọn ológun lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ náà kò mọ bí wọ́n ti ń fi ohun ìwọ̀n nìkan wa bàálù nínú kùrukùru àti òkùnkùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lé ní mẹ́wàá nínú wọn tí ó kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun ra 6 nínú ẹ̀rọ Link. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi máa parí, nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe.

Kókó pàtàkì kan wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀-ìperí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ẹ̀rọ Link kò rí òkè, kò rí ìkùukùu. Wọ́n fi ìdérí bò ó, àwọn ohun ìwọ̀n iwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Síbẹ̀ ó kọ́ iṣẹ́. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àwòrán ni ìpìlẹ̀ irú ẹ̀rọ yìí. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe gbọ́dọ̀ bí irú àbájáde tí ìbá bí ní ojú iṣẹ́ gan-an.

Àwòrán dé lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1968, Ivan Sutherland, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, gbé ohun èlò kan jáde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bob Sproull wà lára wọn. Orí ni wọ́n ń gbé ohun èlò náà sí, ojú méjèèjì ni ó sì ń fi àwòrán hàn. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi so ó rọ̀ láti àjà ilé. Kìkì ìlà tín-ínrín ni ó lè yà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gbé e sórí bá ti yí orí padà, àwòrán náà yóò yí padà gẹ́gẹ́ bí ohun gidi ti í ṣe nígbà tí ènìyàn bá yí ojú sí i. Apá kan owó iṣẹ́ náà wá láti ọ̀dọ̀ àjọ ìwádìí àwọn ológun. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti owó ológun ti jọ wà nínú ọ̀ràn yìí.

3.0 Iṣẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Monterey

Annapolis ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1909; ọdún 1951 ni ó kó lọ sí Monterey. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dọ́ tí kò tí ì rí ojú iṣẹ́. Ọ̀gá ológun ni wọ́n, láti ẹ̀ka ojú omi, ti orí ilẹ̀ àti ti òfuurufú, títí kan àwọn kan tí ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Wọn a kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, wọn a kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún oyè náà, wọn a sì padà sí ẹnu iṣẹ́.

Michael Zyda àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ́nà. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí àwọn ológun fi ń kọ́ iṣẹ́ wọ́n púpọ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Àwọn ará Monterey fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Silicon Graphics ń ṣe, lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn jẹ́ ti ohun ìjà kan tí ń fò, tí ó ní kámẹ́rà ní imú, tí ọmọ-ogun sì ń darí láti ọ̀nà jíjìn. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti gbòòrò títí ó fi di ohun tí wọ́n sọ ní NPSNET, pápá ogun inú kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè jọ wà lẹ́ẹ̀kan náà.

3.1 Ilẹ̀ Dídá

Ilẹ̀ tí wọ́n mú lò jẹ́ ilẹ̀ gidi, ti Fort Hunter Liggett, pápá ìdánrawò àwọn ológun tí ó wà ní gúúsù Monterey. Gíga ilẹ̀ náà ni wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà, ojúàmì kan tẹ̀lé òmíràn. Kọ̀ǹpútà yóò fi ìlà so àwọn ojúàmì náà pọ̀ di onígun mẹ́ta-mẹ́ta, yóò sì kùn wọ́n ní àwọ̀. Bí ó bá ti ń yá onígun mẹ́ta yìí púpọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni òkè yóò ti jọ òkè tó. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ti pẹ́ tó kí ẹ̀rọ tó ya àwòrán kan tán. Bí àwòrán bá pẹ́, ìṣe akẹ́kọ̀ọ́ àti ohun tí ó ń rí kò ní bá ara wọn mu mọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya ohun tí ó súnmọ́ dáadáa, wọ́n sì ya ohun tí ó jìnnà ní ìlàgbàlàgbà. Ìpinnu yìí kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rọ nìkan; ọ̀ràn ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú. Bí igbó ṣúúrú kan bá di èyí tí wọ́n fò, ọmọ-ogun tí ìbá sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ti pàdánù ibi ààbò. Nítorí náà, ẹni tí ń dá ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ ogun kí ó tó mọ ohun tí ó lè yọ kúrò. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe àǹfààní pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ ogun rí.

3.2 Bí Ọ̀pọ̀ Ẹ̀rọ Ṣe Ń Gbé inú Ayé Kan

Bí ọkọ̀ ogun onírin mẹ́wàá bá wà ní pápá kan náà, tí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sì ń darí wọn, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí mẹ́sàn-án yòókù wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ń kéde ipò rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá, ìkéde yóò pọ̀ ju ohun tí okùn tí ó so wọ́n pọ̀ lè gbé lọ. Ọ̀nà àbáyọ wá láti inú SIMNET, iṣẹ́ tí DARPA, àjọ ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan yóò máa fojú díwọ̀n ibi tí ọkọ̀ ẹlòmíràn yẹ kí ó wà, nípa títẹ̀lé ibi tí ó wà gbẹ̀yìn, ìhà tí ó kọjú sí àti bí ó ti ń sáré tó. Ẹ̀rọ tí ó ni ọkọ̀ náà ń ṣe ìdíwọ̀n kan náà nípa ara rẹ̀. Ìgbà tí ipò rẹ̀ gan-an bá yàtọ̀ sí ìdíwọ̀n ju ààlà tí wọ́n fi sí i lọ ni yóò tó ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Àwọn atukọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan rán tó lè yé òmíràn, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ "ipò", "ìyára", "ìbọn dún" àti "ọkọ̀ bàjẹ́". Ní ọdún 1993, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, fi òǹtẹ̀ lu ìlànà kan tí ó ka irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 1278. NPSNET gba ìlànà náà wọlé, ó sì ṣeé ṣe fún ẹ̀rọ Monterey láti wọ inú pápá kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó wà ní ìlú mìíràn, tí ọwọ́ mìíràn ṣe.

Níbi tí kò bá sí ìfohùnṣọ̀kan, ewu wà. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá ya òkè kan náà ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ díẹ̀, ọmọ-ogun kan lè gbà pé òun ti fara pamọ́ sẹ́yìn òkè, nígbà tí ọ̀tá rẹ̀, nínú kọ̀ǹpútà kejì, ń rí i kedere ní gbangba. Ẹni tí ó bá borí nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ẹ̀kọ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òdì. Ẹ̀kọ́ òdì sì burú ju àìkọ́ rárá lọ, nítorí pé ọmọ-ogun yóò gbé e lọ sí ojú ogun pẹ̀lú ìgboyà.

3.3 Ara Kò Gba Ohun Gbogbo

Ojú lè sọ fún ọpọlọ pé ara ń rìn, kí inú etí, tí ó ń gbọ́ ìṣípòpadà ara, sì sọ pé ara dúró gbọn-in. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì bá ta ko ara wọn, òòyì yóò kọ́ ènìyàn, èébì yóò sì máa gbé e. Ẹ̀rọ tí kò bá yára tó ń mú kí ó burú sí i. Àìsàn yìí ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ hẹlikópítà ní àwọn ọdún 1950, kò sì tí ì kúrò nílẹ̀.

Síbẹ̀, àǹfààní wà tí ó hàn gbangba. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Monterey dá inú ọkọ̀ ogun ojú omi sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn atukọ̀ lè kọ́ bí wọ́n ti í rìn nínú rẹ̀ àti ohun tí wọn yóò ṣe bí iná bá sọ. Láàárín àwọn ọdún náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ẹ̀ka ojú omi dán irú ọgbọ́n kan náà wò pẹ̀lú iná gidi nínú ọkọ̀ Shadwell, ọkọ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n so mọ́ èbúté ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, fún ìwádìí iná. Àwọn panápaná tí wọ́n ti kọ́kọ́ rìn nínú ọkọ̀ náà nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ ọ̀nà nínú èéfín ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ tí ń jó, ẹni tí ó bá ṣìnà lè má jáde mọ́.

3.4 Nígbà tí Ẹ̀rọ Di Olówó Pọ́ọ́kú

Ohun tí ó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ nígbà náà ti tàn káàkiri. Ní ọdún 1999, àwọn ológun Amẹ́ríkà fi owó dá àjọ ìwádìí kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Southern California, ní Los Angeles. Ní ọdún 2011, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Palmer Luckey, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì mìíràn, ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀ lábẹ́ Mark Bolas. Ní ọdún 2012, ó gbé ohun èlò agbórí tirẹ̀, Oculus Rift, síta fún 300 dọ́là. Ní ọdún 2014, Facebook ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí ó lágbára díẹ̀ ti lè dá pápá ogun tirẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀-ìperí rẹ̀ kì í ti í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Olùkọ́ tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni nílò rẹ̀.

4.0 Yíyẹ Orúkọ Wò

Nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa, tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó di dandan kí ọ̀rọ̀ wà fún ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ kàn. Ọ̀nà tí Yorùbá gbà ń sọ ohun titun lórúkọ kò sì ṣàjèjì. "Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" sọ bí kọ̀ǹpútà ti yára tó, ṣùgbọ́n kò sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. "Asọ̀rọ̀mágbèsì" yàtọ̀. Orúkọ yìí sọ ohun tí rédíò ń ṣe, ó sì sọ ohun tí kò lè ṣe: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Orúkọ tí ó bá mọ ààlà ohun tí ó ń jẹ́ ni irú ẹ̀rọ tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ nílò jù lọ.

4.1 Fún Simulation

"Àfarawé" ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ara, tí ó sì fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn, ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ẹ̀rọ kò fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni. "Ìdíbọ́n" burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ Link kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. "Àfiwé" ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀. "Àwòṣe" dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró sójú kan ni, irú bí gíga ilẹ̀ Fort Hunter Liggett tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí wọ́n bá mú àwòṣe náà ṣiṣẹ́, tí ìṣe akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bí àbájáde nínú rẹ̀, ni ó di ohun mìíràn.

"Àfijọ" ni ó súnmọ́ jù lọ. Ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ó jọ òmíràn ni. Ẹni tí ó bá pe nǹkan ní àfijọ ti jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ohun náà gan-an; ó sì ti fi ààyè sílẹ̀ fún ìbéèrè tí ó ṣe kókó: ní ibo ni ó ti jọ ọ́, ní ibo ni kò ti jọ ọ́? Láti inú rẹ̀ ni "ìṣàfijọ" fún iṣẹ́ náà àti "ẹ̀rọ aṣàfijọ" fún ohun èlò rẹ̀ ti lè jáde láìsí wàhálà.

4.2 Fún Virtual Reality

Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ lè kọ "òtítọ́ ayédèrú". Àṣìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń sọ ni Yorùbá ń pè ní òtítọ́, irọ́ sì ni òdìkejì rẹ̀. Òkè tí ó wà nínú NPSNET kì í ṣe òtítọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n dá ni. Èkejì, owó àti oògùn tí wọ́n fi ń lu jìbìtì ni ayédèrú, ẹni tí ó ṣe é kò sì fẹ́ kí aráyé mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Monterey kọ sínú iṣẹ́ oyè rẹ̀ bí ó ti ṣe tirẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹlòmíràn lè fẹ́ "ìran". Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wòran a máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹni tí ó wọ inú ohun tí wọ́n ń sọ yìí ń rìn, ó ń yìnbọn, ó sì lè ṣìnà. Ayé ni ó wọ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi dá ayé náà. Nítorí náà ni "ayé àfẹ̀rọdá" fi yẹ, nítorí pé ó sọ ohun tí ó jẹ́, ó sì sọ ọwọ́ tí ó ti wá. Ohun tí ọwọ́ dá ni ọwọ́ lè tún ṣe bí ó bá ní àbùkù.

4.3 Ìyàtọ̀ láàárín Àfijọ àti Eré

Ìyàtọ̀ kan kù tí kò yẹ kí ó bọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2002, eré kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ America's Army jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ Monterey kan náà. Ète rẹ̀ ni láti fa ojú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra sí iṣẹ́ ológun, ó sì wà títí di ọdún 2022. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí ti NPSNET, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an yàtọ̀. Nínú eré, ẹni tí ó bá kú a tún dìde, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìdí tí ó fi kú. Nínú àfijọ, ìdí tí ó fi kú ni ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ tí ó bá pe àwọn méjèèjì ní eré ti pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́ lọ́kàn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lè di ẹni tí yóò gbé ìbọn lọ́jọ́ kan.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò yìí dábàá nìyí:

àwòṣe: ìwọ̀n àti ìlànà tí ó dúró fún ohun kan nínú kọ̀ǹpútà.
àfijọ: àwòṣe tí wọ́n mú ṣiṣẹ́, tí ìṣe akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bí àbájáde nínú rẹ̀.
ẹ̀rọ aṣàfijọ: ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe àfijọ, bí ẹ̀rọ Link.
ayé àfẹ̀rọdá: àfijọ tí ó yí ojú àti etí ènìyàn ká, tí ó sì ń yí padà bí ó ti ń yí orí.
ìfojúdíwọ̀n ipò: ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí ohun kan yẹ kí ó wà kí iṣẹ́ tó dé.
ẹ̀kọ́ òdì: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti inú àbùkù àfijọ, tí yóò ṣì í lọ́nà lójú iṣẹ́.

Bóyá àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni wọn yóò gbà, bóyá àwọn tí ó sàn jù wọ́n lọ, ohun kan dájú. Kọ̀ǹpútà méjì tí kò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí òkè wà kò lè kọ́ ọmọ-ogun kan náà. Olùkọ́ ní Ìbàdàn tí ń sọ "ìdíbọ́n", atúmọ̀-èdè ní Èkó tí ń sọ "àfarawé" àti òǹkọ̀wé ní Kútọnu tí ń sọ "ìran" wà nínú irú ìṣòro kan náà: olúkúlùkù wọn ya òkè tirẹ̀ síbi tí ó wù ú, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì dúró ní gbangba. Ìfohùnṣọ̀kan ni àwọn ẹ̀rọ fi ń gbé inú ayé kan. Kò sí ìdí tí àwọn tí ń fi èdè Yorùbá kọ́ni kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀.